Òrùlé Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀: Àlàyé Lórí Pánẹ́ẹ̀lì Adènà-Ooru

Bí oòrùn bá kan àtàrí lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, páànù orí ilé ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Kétu lè gbóná dé 60°C, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ bí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú. Lásìkò kan náà, afẹ́fẹ́ ìta lè máà ju 32 tàbí 33°C lọ. Ẹni tó wà nínú yàrá lábẹ́ irú páànù bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun ti sá fún oòrùn, ṣùgbọ́n páànù náà fúnra rẹ̀ ti di orísun ooru mìíràn tó dojú kọ ọ́ láti òkè. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe sí i ni pé a ra fáànù. Bí owó bá gbé e, a ra ẹ̀rọ amúlétutù. Bí iná bá lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Ooru tó ti wọlé ni a ń fi gbogbo wọn lé jáde. A kì í sábà bèèrè ibi tó gbà wọlé, àti iye tí yóò náni láti dí ojú ọ̀nà náà. Iṣẹ́ tí wọ́n dá pánẹ́ẹ̀lì adènà-ooru fún nìyẹn. Ó ti wọ ọjà wa: wọ́n ń lò ó fún ilé ìjọsìn ńláńlá, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́, àwọn tó ń kọ́ ilé gbígbé náà sì ti ń bèèrè rẹ̀. Ó yẹ ká lò ó. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ lò ó bí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ṣe ń lò ó. Àwọn ń fi wé gbogbo ilé, àtògiri àtòrùlé, kí ooru inú ilé má baà jáde. Ní tiwa, òrùlé ni kó kọ́kọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ilé wa kò sì ní nílò rẹ̀ níbòmíràn.

Ká tó sọ ìdí, ó yẹ ká mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn. Ó ń gba inú ohun líle kọjá láti ojú tó gbóná bọ́ sí ojú tó tutù. Ó ń bá afẹ́fẹ́ tàbí omi tó ń yí kiri lọ. Ó sì ń tàn jáde láti ara ohun gbígbóná wá bá ẹni tí kò fara kàn án rárá, bí iná ààrò ṣe ń ta ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ooru ṣe ń rọrùn gba inú nǹkan kọjá. Ti álúmíníọ̀mù lé ní 200. Ti kọnkéré tó bíi 1.7, ti amọ̀ gbígbẹ kì í sábà ju 1 lọ. Ti afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ kò ju nǹkan bí 0.026 lọ. Bí nọ́ḿbà náà bá ṣe kéré tó ni ooru ṣe ń pẹ́ tó kó tó kọjá, èyí tó fi hàn pé afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń dènà ooru jù lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í dúró. Bí apá kan rẹ̀ bá ti gbóná, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, yóò sì máa gbé ooru kiri. Nítorí náà gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ohun adènà-ooru kò ju pé kí a sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú ihò wẹ́wẹ́ tí kò ti ní ráyè yí. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń tẹ́ inú páálí tẹlifíṣàn tuntun, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ polystyrene, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì afẹ́fẹ́. Nọ́ḿbà tirẹ̀ wà láàárín 0.033 sí 0.040. Owú òkúta, èyí tí wọ́n ń fi òkúta yíyọ́ ràn, kò jìnnà sí i. Ti polyurethane àti èyí tó bá a tan, tí wọ́n ń pè ní PIR, tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti 0.022 sí 0.028, torí pé gáàsì tí ooru kì í tètè gbà kọjá ló wà nínú ihò wọn.

Pánẹ́ẹ̀lì wá ni kí a fi irú nǹkan báyìí sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì, kí a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ tí wọn yóò fi di ẹyọ kan. Irin òde ń gba òjò àti oòrùn sára, irin inú ni a ń rí bí a bá gbójú sókè, ohun tó wà láàárín ló ń dènà ooru. Àpapọ̀ wọn le ju ìdá kọ̀ọ̀kan lọ, débi pé pákó tí yóò gbé e lórí òrùlé kò ní pọ̀ tó èyí tí páànù lásán ń fẹ́. Àwọn tó ń ta ẹja dídì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ògiri yàrá yìnyín wọn. Lọ́dọ̀ wọn, ògiri, àjà àti ilẹ̀ pàápàá ni a gbọ́dọ̀ fi wé, nítorí òtútù inú yàrá náà fi ìwọ̀n tó lé ní ogójì yàtọ̀ sí ooru ìta, yíká-yíká. Yàrá tí ènìyàn ń sùn sí kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri tí òrùlé rẹ̀ nà síta, tí ibòji sì bò, kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju inú yàrá lọ, adènà kò sì ní iṣẹ́ gidi tí yóò ṣe níbi tí ìyàtọ̀ bá kéré.

Ipa ọ̀nà oòrùn lójú ọ̀run wa ló ṣe ìdájọ́ náà. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, oòrùn sì máa ń wà ní ṣóńṣó orí ibẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Kódà ní oṣù Kejìlá ó ṣì ga púpọ̀ lójú ọ̀run ní ọ̀sán. Ògiri tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, bí òrùlé bá nà jáde bò ó dáadáa, oòrùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn ń gba tirẹ̀ láàárọ̀, èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ń gba tirẹ̀ nírọ̀lẹ́. Òrùlé nìkan ló ń gbà á látàárọ̀ dalẹ́, tó sì ń gbà á gidigidi jù lọ lásìkò tí oòrùn mú jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní yàrá kan fẹ̀ tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, páànù orí rẹ̀ wà ní 60°C, inú yàrá wà ní 30°C, kò sì sí àjà. Ooru tí yóò máa tú wọlé láti òkè yóò tó nǹkan bí 2,100 wáàtì. Ẹ̀rọ amúlétutù oní-hósì kan kì í lé ju nǹkan bí 2,500 jáde, ìyẹn ni pé òrùlé nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Bí àjà bá wà, iye yẹn yóò já sí bíi 900. Bí a bá wá fi ohun adènà kún àjà náà dé ìwọ̀n tí ìlànà lílo agbára nínú ilé, èyí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2017, béèrè fún òrùlé, ìyẹn agbára ìdènà 1.25 (a ń rí i bí a bá fi nọ́ḿbà ohun náà pín bí ó ṣe nípọn tó ní mítà; bí èyí bá ṣe pọ̀ tó ni ìdènà ṣe lágbára tó), ohun tó kù kò ní ju bíi 220 wáàtì lọ. Ìṣirò ojú lásán ni èyí, nítorí páànù tí adènà wà lábẹ́ rẹ̀ yóò tún gbóná díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín 2,100 àti 220 kì í ṣe ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè pa rẹ́. Polystyrene tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àbọ̀ ti tó fún 1.25 yẹn, polyurethane tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta náà ti tó.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ilé wa ní adènà-ooru tẹ́lẹ̀, a sì fọwọ́ ara wa yọ ọ́. Ní ìhà ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé. Ó níyì débi pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń kó o wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Ní ìhà igbó, ewé gbòdògí àti imọ̀ ọ̀pẹ ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Koríko gbígbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ní afẹ́fẹ́ tó há sáàárín rẹ̀, nọ́ḿbà tirẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 0.08 lọ. Bí ó bá nípọn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, agbára ìdènà rẹ̀ tó 2.5. Ìlọ́po méjì ohun tí ìlànà ọdún 2017 ń bẹ̀ wá fún nìyẹn. Nígbà tí páànù wọlé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó sì ti etíkun wọ àárín ilẹ̀, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ni àwọn èèyàn hù tí wọ́n fi gbà á. Koríko ń jóná, iná ilé kan sì lè ran àdúgbò. Ó ń jò, eku àti ejò ń gbé inú rẹ̀, ọdún díẹ̀ síra ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Páànù yanjú gbogbo ìyẹn. Àmọ́ agbára rẹ̀ láti dènà ooru kò ju òfo lọ, a kò sì fi ohunkóhun rọ́pò èyí tó bá koríko lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí a kàn padà sí ilé alámọ̀, kí gbogbo nǹkan sì tutù. Òótọ́ ni pé ògiri amọ̀ tó nípọn ń dá ooru dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó dé inú. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ ni iṣẹ́ amọ̀, kì í ṣe ìdènà. Ohun tó gbà lọ́sàn-án ni yóò dá padà lálẹ́. Ilé tí àwọn àgbà ń rántí pé ó tutù ní ògiri amọ̀ nísàlẹ̀ àti koríko lókè. Ẹ yọ koríko, ẹ fi páànù sí i, kí ẹ sì fi ògiri sílẹ̀ bó ṣe wà: ọ̀sán ilé náà ti yí padà.

Àwọn kan yóò sọ pé àjà ti tó, àwọn mìíràn yóò ní kí a kun páànù ní funfun, ó tán. Àjà ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tòkè ṣe fi hàn, ṣùgbọ́n àjà tó jẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò gbóná láìpẹ́, òun náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ooru sí orí wa. Ọ̀dà funfun tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣì tuntun, ó lè dá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìtànṣán oòrùn padà, owó rẹ̀ kò sì tó ti pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju ohun kan ṣoṣo lọ, kí ó kọ́kọ́ kun páànù rẹ̀ ní funfun; mo sọ èyí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Àbùkù rẹ̀ ni pé eruku ọyẹ́ àti èéhù òjò kì í jẹ́ kí funfun pẹ́ lórí òrùlé wa, bí ó bá sì ti dọ̀tí, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí a ṣe ń sáré tẹ̀lé òrùlé aláwọ̀ dúdú, aláwọ̀ kọfí àti aláwọ̀ eérú ní àwọn ẹ́síteètì tuntun, tí a ó sì wá máa ra ẹ̀rọ amúlétutù láti fi wo àìsàn tí a fowó wa rà.

Àtakò kan wà tó lágbára ju méjèèjì yìí lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì máa sọ ọ́ fún oníbàárà. Páànù lásán tètè ń gbóná, ṣùgbọ́n ó tètè ń tutù pẹ̀lú. Bí oòrùn bá wọ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi da ooru rẹ̀ sójú ọ̀run. Òrùlé tó ní adènà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo kúlà tí wọ́n fi ń kiri omi tútù: òun kan náà ni alásè ń gbé ìrẹsì gbígbóná sí lọ sí ibi àríyá. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òtútù àti ooru. Ohun tó bá bá nínú ni yóò pa mọ́. Ilé tí a fi adènà bò, tí ooru ìdáná, ti firíìjì, ti ènìyàn mẹ́fà àti ti ògiri búlọ́ọ̀kù sì ń kó jọ sínú rẹ̀, yóò pa gbogbo rẹ̀ mọ́ di òru bí kò bá sí ọ̀nà àbájáde. Àtakò yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí a má lo adènà. Ó ń sọ pé kí a má lò ó láìsí fèrèsé tó ń kojú ara wọn, tí afẹ́fẹ́ alẹ́ yóò gba ọ̀kan wọlé, gba èkejì jáde. Ooru tí kò wọlé lọ́sàn-án kò ní sí láti lé jáde lálẹ́. Àwọn tó wà lábẹ́ dẹ́kìn kọnkéré nílò rẹ̀ jù, nítorí kọnkéré tó ti ń gba oòrùn láti àárọ̀ kì í tutù títí di òru jíjìn. Fún wọn, òkè dẹ́kìn ni adènà gbọ́dọ̀ wà, kí oòrùn má baà dé ara kọnkéré náà rárá.

Omi ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù nílẹ̀ wa. Nọ́ḿbà tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.6, ìyẹn ni pé ó fi ohun tó lé ní ìlọ́po ogún rọrùn fún ooru láti gbà kọjá ju afẹ́fẹ́ lọ. Owú òkúta tó bá mu omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aláìwúlò. Nítorí náà, ibi tí pánẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé, ibi tí ìṣó wọlé sí àti etí òrùlé ló yẹ kí ẹni tó ń kan òrùlé fi gbogbo ọkàn ṣe. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, inú ilé ni ọ̀rinrin ti ń wá, ó ń wá ọ̀nà lọ síta, wọ́n sì máa ń fi ọ̀rá dí i láti inú. Ní Èkó, bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, ìta ni ọ̀rinrin ti ń wọlé wá, tí yóò sì di omi bí ó bá kan ohun tútù. Ẹni tó bá ka ìwé ìlànà tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ Kánádà tó sì fi ọ̀rá dí ojú inú, omi yóò máa kó jọ sínú adènà rẹ̀. Ojú òde ni ká dí, irin òkè pánẹ́ẹ̀lì sì ń ṣe ìyẹn fún wa bí oríkèé rẹ̀ kò bá jò. Ikán àti èèrà kì í jẹ fóòmù bí oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbẹ́ ilé sínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbayawu.

Owó ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, láti ₦68 lọ sí ₦225. Yàrá alájà tí a ṣírò lókè yóò fi adènà gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ nǹkan bí 680 wáàtì ooru lọ́sàn-án. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń fi nǹkan bí wáàtì iná kan lé wáàtì ooru mẹ́ta jáde, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ yóò já sí bíi yúnìtì kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ní iye owó oṣù Kẹrin ọdún 2024 yẹn, ilé oníyàrá márùn-ún yóò máa fi ohun tó lé ní ₦1,000 pamọ́ lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, nítorí iná tirẹ̀ tún wọ́n ju ti ìjọba lọ. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, èrè tiwọn kò sì ní hàn nínú bíìlì. Yóò hàn lára ọmọ tó lè jókòó kàwé ní agogo méjì ọ̀sán, àti lára arúgbó tí kò ní láti gbé ẹní lọ sábẹ́ igi. Pánẹ́ẹ̀lì wọ́n ju páànù lọ dáadáa, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a lè tẹ́ owú òkúta sórí àjà, tàbí kí ó ta bébà álúmíníọ̀mù sábẹ́ páànù, kí ojú tó ń dán kọjú sísàlẹ̀ kí eruku má baà bò ó, kí àlàfo sì wà láàárín òun àti àjà. Ìgbà tí wọ́n ń kan òrùlé lọ́wọ́ ló rọrùn jù. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ilé parí yóò san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fi kẹ́yìn, nítorí òun ni a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, iná ṣẹ́ láti ara firíìjì nínú ilé ìdáná kan ní àjà kẹrin Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé alájà 24 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán ní ọdún 2016. Wọ́n ti fi fóòmù adènà-ooru àti pánẹ́ẹ̀lì tó ní ike polyethylene láàárín wé ògiri òde rẹ̀. Iná náà gun ògiri dókè, ó sì pa ènìyàn 72. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir Martin Moore-Bick darí sọ pé pánẹ́ẹ̀lì oní-polyethylene yẹn ni olórí ohun tó fa bí iná ṣe ràn tó bẹ́ẹ̀. Ìròyìn wọn kejì, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, sì tún fi hàn pé àwọn tó ṣe irú ọjà wọ̀nyí ti tan àwọn oníbàárà jẹ lórí bí ó ṣe ń jóná. Láti òpin ọdún 2018 ni ilẹ̀ England ti fòfin de ohun tó lè jóná lára ògiri òde ilé gbígbé tó ga ju mítà 18 lọ, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní fúláàtì nínú ilé alájà púpọ̀ níbẹ̀ sì ti rí bí àyẹ̀wò ògiri ṣe ń dá títa ilé dúró. Ẹnì kan lè sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Grenfell ti tó láti kọ pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owú òkúta kì í jóná, kì í sì í yọ́ títí ìgbóná yóò fi kọjá 1,000°C. Ohun tí wọ́n fi sáàárín ni ọ̀rọ̀ wà. Polystyrene ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 100°C, ó sì ń jóná. PIR ń di èédú kó tó ràn, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ní májèlé. Ní ọ̀dọ̀ wa, níbi tí wáyà tí kò dára ti ń gba àárín àjà kọjá, tí ọkọ̀ panápaná sì lè pẹ́ kó tó dé, owú òkúta ni ó yẹ kó kọ́kọ́ wà lọ́kàn ẹni tó ń kọ́ ilé tí ènìyàn yóò máa sùn sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, kí kápẹ́ńtà tó gun òkè, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì: kí ló wà láàárín rẹ̀, báwo ló ṣe nípọn tó, kí ni nọ́ḿbà ìdènà rẹ̀, àti ìwé wo ló fi hàn bí ó ṣe ń ṣe bí iná bá kàn án. Bí kò bá lè dáhùn ìkẹyìn yìí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹ má rà á.